Ìṣẹ́jú 20 kí ilé tó jí

Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ọmọ mi kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí, ó ní "Mọ́mì, ṣé ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́ tán ni?" Mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà fún bíi wákàtí kan, ìwé ìtàn kan ni mò ń kọ, gbólóhùn méjì péré ni mo rí kọ, mo sì ti pa ọ̀kan rẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ ò rí mi, ìwé náà ò rí mi.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mi ò ráyè. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, oúnjẹ ń bẹ tí mo máa sè, iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ ń bẹ, aṣọ ọ̀la ń bẹ nílẹ̀ tí mo máa lọ̀, nígbà tí gbogbo wọn bá fi sùn oorun á ti máa kun èmi náà, mo wá ń dúró de Sátidé, Sátidé á dé tòun ti iṣẹ́ tiẹ̀, mo á tún ní ó di ìgbà tí mo bá gba líìfù, bí mo ṣe lo líìfù méjì nìyẹn tí mi ò kọ ojú ìwé kan.

Àmọ́ kì í ṣe àìráyè nìkan. Ìgbà tí mo bá jókòó gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, torí mi ò ní rántí ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé, mo á kọ́kọ́ ka èyí tí mo ti kọ látìbẹ̀rẹ̀, mo á tún un ṣe níbí, mo á tún un ṣe lọ́hùn-ún, kí n tó débi tó yẹ kí n ti máa bá a lọ, àyè ti tán.

Nǹkan tí mo wá yí padà ni pé mi ò kí ń parí gbólóhùn mọ́ tí mo bá fẹ́ dìde. Mo á já a sílẹ̀ láàárín, mo á kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e nínú ìtàn náà ní ìlà kan sísàlẹ̀ ẹ̀ pé: ọ̀la, ìyá máa ṣí lẹ́tà yẹn, kò ní sunkún. Tí mo bá wá ń fọ abọ́ tàbí tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì, gbólóhùn tó já yẹn á máa pè mí, mo á máa parí ẹ̀ lọ́kàn lóríṣiríṣi, tó bá ti dùn mo á yọ fóònù mo á sọ ọ́ sí i.

Aago 5 ìdájí ni mo ń jí báyìí. Ìṣẹ́jú 20, ọ̀rọ̀ 200. Ó kéré lójú, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀: 200 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50, ọ̀rọ̀ 50,000 nìyẹn lọ́dún kan! Ọjọ́ tí ara ọmọ ò bá yá, mi ò kọ nǹkankan, mi ò sì ní sọ pé mo fẹ́ kọ 400 lọ́jọ́ kejì.

Toni Morrison, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1993, olóòtú ìwé ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Random House, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde, ó ń dá tọ́ ọmọkùnrin 2, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń kọ̀wé. Ẹni ọdún 39 ni nígbà tí ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Mo máa ń rántí ìyẹn tí ara bá ń wúwo láti dìde.

Mo sì bá dádì wọn sọ̀rọ̀. Mi ò sọ pé "ẹ máa ràn mí lọ́wọ́," torí ìyẹn ò mú nǹkankan wá rí. Mo ní alẹ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, aago 8 sí 9, ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ fún wọn, ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí nílé. Ó gbà.

Láàárọ̀ àná, ọmọ yẹn tún wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú oorun ṣì ń ṣe é. Ó wá jókòó tì mí, ó gbórí lé mi nítan. Mo já gbólóhùn sílẹ̀ bó ṣe wà, mo pa kọ̀ǹpútà dé, a jọ lọ wá ẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ kan tó sọnù.