Ẹ Fi Ọmọ Tó Kéré Jù Ṣe Òṣùwọ̀n: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Disneyland Paris Lásìkò Kérésì

Tẹ́ ẹ bá ń gbèrò àtikó àwọn ọmọ lọ sí Disneyland Paris, ọgbà ìṣeré ńlá tó wà lẹ́bàá Paris nílẹ̀ Faransé, nínú ìsinmi Kérésì, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé ìrìnnà gbogbo ilé síta, kẹ́ ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní London níbí, ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ ń lò, ti Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ ìyá. Àwọn ọmọ ò nílò físà, ìyá nílò rẹ̀. Láti ọdún 2024, 90 yúrò ni owó físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ ilẹ̀ Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún àgbàlagbà, èèyàn sì lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Oṣù kẹjọ la máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé tiwa. Bí orúkọ ilé bàbá yín bá ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà yín, tí àwọn ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá tiwọn, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wọn dání. Bí bàbá wọn ò bá ní bá yín lọ, kó kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i.

Ẹran díndín tẹ́ ẹ fẹ́ dì lọ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Látìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọn ò gbà kéèyàn kó ẹran tàbí wàrà wọ ilẹ̀ Faransé mọ́, àfi wàrà ọmọ ọwọ́. Ìpékeré àti ẹ̀pà yíyan ti tó.

Ní ti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, bí ọmọ yín ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Láti oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti máa ń ṣe ọgbà náà lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí náà kò sí ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù. Láti ọjọ́ kejì Kérésì títí dé ọdún tuntun, àwọn ọmọ ilé ìwé Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Bẹ́ljíọ̀mù ló máa pàdé níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì á sì ti gbẹ́nu sókè. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san nǹkan kan.

Eurostar, ọkọ̀ ojú irin tó ń ti London lọ sí ilẹ̀ Faransé, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì gan-an. Èyí tó máa ń gbéni láti London dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà tààrà sì ti dópin lọ́dún 2023. Èmi fara mọ́ kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Lille nílẹ̀ Faransé, kó wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára wọn, lọ sí Marne-la-Vallée, ibùdókọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, ju kó máa wọ́ ẹrù àti ọmọ la àárín Paris kọjá nínú RER, ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ wọn gíga ọmọ. Nínú àwọn ọkọ̀ eré tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, ó kéré tán, mítà 1.02 ni wọ́n ń béèrè fún Big Thunder Mountain, 1.20 fún Hyperspace Mountain, 1.40 fún Indiana Jones. Ẹ sọ fún un nílé pé, "Èyí ò tíì kàn ẹ́ o." Mo ti rí ọmọ tó tò títí, tó dé iwájú, tí wọ́n ní kó padà. Ẹkún yẹn ṣe mí láàánú. Bí àgbà méjì bá sì wà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bóyá ẹ lè pààrọ̀ ara yín: ọ̀kan á gùn ún, èkejì á dúró ti ọmọ, lẹ́yìn náà ni èkejì á wọlé láì tún ìlà tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òtútù ni kẹ́ ẹ rò jù. Ọmọ tó ń sáré kì í tètè mọ̀ ọ́n, àmọ́ inú ìlà ò sí eré sísá, àtẹ́lẹsẹ̀ ni òtútù ti ń gbà wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ bá tutù, àti kẹ̀kẹ́ ọmọ, kódà fún ọmọ ọdún mẹ́rin tó ní òun ti dàgbà. Nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ ọgbà, kí wọ́n dín owó nǹkan mìíràn kù. Àwọn tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney fúnra rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú àwọn yòókù láàárọ̀, ìgbà yẹn sì ni kẹ́ ẹ lọ gun ọkọ̀ eré Peter Pan's Flight kí ìlà tó gùn. Lọ́sàn-án, ẹ gbé àwọn ọmọ padà lọ sùn. Ẹ máa gbọ́ táwọn kan á ní ẹ ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣòfò. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọmọ tó sùn ló lè wo eré iná tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ pẹ̀lú ayọ̀.

Kẹ́ ẹ sì ti jọ fẹnu kò nílé lórí ẹni tó máa gbé èyí tó kéré jù padà tó bá rẹ̀ ẹ́ kí iná tó tàn, kí àwọn yòókù lè dúró wò ó.