20 tí ẹnikẹ́ni ò kà

Ẹ bá mi ṣí fáìlì aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà, kí ẹ wo ibi tí a máa ń kọ iye èémí sí. 20, 20, 22, 20. Bí aláìsàn ń sùn, 20. Bó ń pọ̀kàkà, 20. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rọ ló ń bá wa wọn BP, tẹmómítà ló ń sọ bí ara ṣe gbóná sí, ṣùgbọ́n ojú àti aago nìkan la fi ń ka èémí, odidi ìṣẹ́jú kan gbáko. Ta ló ráyè ìyẹn nígbà tí a jẹ́ méjì péré fún ènìyàn 28?

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Bàbá káfíńtà kan wà ní bẹ́ẹ̀dì 11. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun wọn, ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn nìyí. BP wọn jẹ́ 118/70, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Màmá, ìyàwó wọn, ní, "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀." Mo ti fẹ́ kọjá. Imú Bàbá ló dá mi dúró: ihò rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń sún kì, bíi ti ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú. (Bí aláìsàn bá mọ̀ pé èémí òun lẹ ń kà, kò ní mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe bí ẹni ń ka bí iṣan ṣe ń lù, kí ojú yín wà ní àyà.) Mo kà á tán: 34.

Mo wo àpò ìtọ̀. Láti wákàtí méjì, kò ju 25 ml lọ, ó sì dúdú bíi tíì tí a ò bu mílíìkì sí. Ẹni tó wọn 60 kílò yẹ kó tọ̀ tó 30 ml ní wákàtí kan, ó kéré tán. Ẹsẹ̀ wọn tutù. Ara ṣì ń gbé BP dúró, àmọ́ èémí àti ìtọ̀ ló fi ń san gbèsè rẹ̀.

A gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, a fi ọ́síjìn sí i, a wá iṣan fún dírípù kejì. Nígbà tí mo pe dókítà, mi ò ní "Bàbá ò gbádùn o." Mo ní, "Èémí 34, ìtọ̀ 25 ní wákàtí méjì, ẹsẹ̀ tutù." Ó sáré wá. Ibi tí wọ́n rán nínú ìfun ló ti ń jò. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Bàbá fi padà sí tíátà.

Mo wá jókòó láti kọ ìròyìn, mo ṣí ìwé sẹ́yìn. 20 ti alẹ́ àná, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mi ò rántí pé mo kà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti japa lọ sí Ìlú Ọba ṣàlàyé NEWS2 fún mi, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣọ́ aláìsàn níbẹ̀ láti 2017: bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe pọ̀ tó. Èémí tó bá ti tó 25, máàkì 3 ni lójú ẹsẹ̀, kò sì sí máàkì tó ju ìyẹn lọ fún èémí. 12 sí 20, òdo ni. Irọ́ wa ò kúkú gba máàkì kankan.

Bàbá pẹ́ lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ sílé. Lálaalẹ́ ni mò ń di ọrùn ọwọ́ wọn mú, tí mo dákẹ́, tí mo dúró. Mi ò tètè mọ ìdí tí Màmá fi máa ń ṣí gèlè, tí wọ́n á tún un wé, tí wọ́n á dijú. Ìgbà tí mo bá fi ọwọ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Àmín."