Ṣé lóòótọ́ ni -C máa ń jẹ́ kí scp yára?

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ wa lára, tá a bá ti fẹ́ fi scp gbé fáìlì ńlá láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, a ó kàn ti -C, tó ń ní kó fún dátà pọ̀ kó tó gbé e, bọ̀ ọ́ láìwo ohun tá a fẹ́ gbé rárá. Èmi ò fara mọ́ ọn o. Lọ́pọ̀ ìgbà -C yẹn gan-an ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. SSH, tí scp ń gba inú ẹ̀ kọjá, á kọ́kọ́ fi zlib, ìyẹn ètò ìfúnpọ̀, fún dátà pọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá encrypt ẹ̀, ìyẹn ni pé á sọ ọ́ di àdììtú, kó tó jù ú sórí wáyà. Kò lè kọ́kọ́ encrypt ẹ̀ kó tó fún un pọ̀, torí dátà tí wọ́n bá ti encrypt ti dà rú pátápátá, kò sí ohun tó ń tún ara ẹ̀ sọ nínú ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé àtúnsọ yẹn ni compression, ìyẹn ìfúnpọ̀, ń wá kiri. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tẹ́ ẹ bá ti fi gpg, ètò tó ń encrypt fáìlì, tì pa ò fi ní kéré sí i mọ́, bó ti wù kẹ́ ẹ fún un tó. Fídíò MP4, fótò JPEG àti ZIP náà ò ní kéré, wọ́n ti fún wọn pọ̀ látilẹ̀.

Ká wá ní inú ọ́fíìsì lẹ wà, wáyà gigabit lẹ ń lò. Wáyà yẹn lè gbé tó 110 MB ní sẹ́kọ́ńdì kan, zlib ò sì lè bá a sáré torí core kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ kan lára àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor, ló ń lò, tí core yẹn bá ti kún, wáyà á kàn máa dúró dè é ni. Encryption kọ́ ló ń dá wa dúró níbẹ̀ o, láti 2010 ni Intel ti ń fi AES-NI, àwọn àṣẹ tó ń mú AES yára, sínú processor, AES tá a fi ń encrypt ò wúwo mọ́. Ìwé ìlò ssh fúnra ẹ̀ sọ ọ́ kedere pé -C wúlò lórí nẹ́tíwọ̀kì tó falẹ̀, pé ńṣe ló máa fa èyí tó yára sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé lẹ fi ń gbé e, tí upload yín ò ju megabit 5 lọ, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. SQL dump, ìyẹn ẹ̀dà database tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, tó tó 10 GB á gbà tó wákàtí mẹ́rin àbọ̀, àmọ́ tó bá fún pọ̀ di ìdá kan nínú márùn-ún, kò ní pé wákàtí kan tó fi máa dé. Fáìlì log àti CSV náà máa ń fún pọ̀ dáadáa. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti lo -C láìṣiyèméjì.

Zstd, ètò ìfúnpọ̀ mìíràn, ni èmi fẹ́ràn jù, èyí tí Yann Collet ṣe ní Facebook tí wọ́n gbé jáde ní 2016, ó yára ju zlib lọ fíìfíì, rsync, ètò mìíràn tó ń gbé fáìlì, náà sì ti ń lò ó láti ẹ̀yà 3.2.0 ní 2020. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé, tar ló ń kó àwọn fáìlì jọ sójú kan:

tar cf - data | zstd -T0 | ssh server 'zstd -d | tar xf -'

-T0 yẹn ló ń jẹ́ kó lo gbogbo core tó wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi -C kún un, iṣẹ́ méjì lẹ máa gbé fún CPU lórí dátà kan náà. Ẹ yẹ ~/.ssh/config yín, fáìlì tí ètò ssh yín wà, wò pẹ̀lú, àwọn kan ti kọ Compression yes síbẹ̀ tipẹ́ tí wọn ò rántí mọ́.

Tí ò bá dá yín lójú, ẹ ṣí top, ètò tó ń fi bí CPU ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, nígbà tí fáìlì ń lọ lọ́wọ́. Tí ssh bá ń jẹ core kan tán, ẹ yọ -C kúrò, kẹ́ ẹ tún un gbé.