Àyẹ̀wò Ọdún: Ohun Ìjà Tuntun, Láti Yàrá Ìwádìí Dé Ojú Ogun

Ọdún ti ń lọ sópin, ó sì yẹ kí n ṣe ìṣirò ohun tí mo fi í kọ́. Ìtàn bí ohun ìjà tuntun ṣe ń ti ọwọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ni mo ń kà jù lọ́dún yìí, nítorí ó ń ká mi lára pé nígbà tí ohun ìjà bá kọ̀ṣẹ́, ẹni tó ṣe é kọ́ ló ń kú.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti tọ́pídò Mark 14, ohun abúgbàù tí wọ́n ń yìn gba abẹ́ omi lu ọkọ̀, tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀, wọn kò dán an wò tó kí ogun tó dé. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi figbe ta pé abẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá ló ń gbà kọjá, àwọn tó ṣe é ní àwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n yìn. Ní oṣù kẹfà 1942, ọ̀gágun Charles Lockwood ní kí wọ́n ta àwọ̀n sínú omi ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, kí wọ́n sì yìn ín sí i. Ojú ibi tó ti dá àwọ̀n náà lu fi hàn pé ó ń fi nǹkan bíi mítà 3 jìn ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní oṣù keje 1943, Tinosa, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà kan, yin ọ̀pọ̀ lu ọkọ̀ ọ̀tá kan tó ti dúró gbagidi, wọn kò bú. Ọ̀gá Tinosa fi ẹyọ kan ṣoṣo tó kù pamọ́, ó gbé e padà kí wọ́n lè tú u wò. Àṣé bí tọ́pídò bá lu ọkọ̀ ní tààrà, irin tó yẹ kó ta iná sí i ló ń há. Ẹni tó yìn ín dáadáa jù ni kì í bú fún!

Ti ìbọn M16 tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò ní Vietnam kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n pààrọ̀ ẹ̀tù rẹ̀, wọn kò fún àwọn ọmọ ogun ní ohun ìnubọn tó tó, ó sì ń há mọ́ wọn lọ́wọ́.

Réda, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ọkọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn, ló fún mi nírètí. Oṣù kejì 1940 ni John Randall àti Harry Boot kọ́kọ́ tan magnetron wọn, ẹ̀rọ tó ń mú ìgbì rédíò alágbára jáde fún réda, ní Yunifásítì Birmingham. Ní 1941, réda tó ń lò ó ti wà nínú ọkọ̀ ogun. Ní ilé ìwádìí réda ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, A. P. Rowe tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ máa ń pe ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí ọmọ ogun tó ti ojú ìjà dé ti ń bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ láìwo ipò ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìpàdé yẹn ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, dúróònù Ukraine ni mo fẹ́ gbájú mọ́, pàápàá bí àwọn tó ń ṣe é ṣe ń tún un ṣe léraléra bí ọ̀tá bá ti dí ìgbì rédíò rẹ̀, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn fáíbà, okùn tín-ín-rín tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ láìlo rédíò, darí òmíràn.