Erékùṣù Gíríìsì tí ò láriwo

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, tẹ́ ẹ bá dé Gíríìsì, ẹ fi erékùṣù Santorini sílẹ̀ fáwọn tó fẹ́ ya fọ́tò jàre, èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Erékùṣù Naxos ni kẹ́ ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń jẹ́ Express Skopelitis, òun ló máa ń yà láwọn erékùṣù kéékèèké bí Iraklia, Schoinoussa, Koufonisia àti Donousa títí dé Amorgos. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún July àti August o, atẹ́gùn meltemi máa ń fẹ́ láti àríwá, ọkọ̀ á máa fì síbí fì sọ́hùn-ún, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ ní gbéra rárá.

Amorgos lèmi fẹ́ràn jù. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Chora, olú ìlú erékùṣù náà, lọ sí Hozoviotissa, ilé àwọn mọ́ńkì tó funfun báláú, tí wọ́n kọ́ lẹ̀ mọ́ ara òkè, Ọba Alexios Kìíní ti ilẹ̀ Byzantium ló tún un ṣe lọ́dún 1088, òkun sì wà nísàlẹ̀ gbalasa. Èmi tí mo ti ń gun Olúmọ láti kékeré náà mí hẹlẹhẹlẹ, oòrùn ibẹ̀ ò mọ ọmọ Ẹ̀gbá! Ọkùnrin á wọ ṣòkòtò gígùn, obìnrin á wọ síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi ọtí líle tí wọ́n ń pè ní raki àti midinmíndìn tí wọ́n ń pè ní loukoumi ṣe yín lálejò. Ẹ ṣáà gbé omi dání, kò sẹ́ni tó ń kiri píọ̀ wọ́tà bíi ti Kútọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.