Ilé tí nọ́ńbà wà ni ká wò: 0.5 àti 0.35

Ẹ bi ọmọ Pírámárì 5 pé èwo ló tóbi jù nínú 0.5 àti 0.35. Ọ̀pọ̀ á ní 0.35 ni, torí 35 ju 5 lọ, bẹ́ẹ̀ 0.5 ló tóbi. Àwa olùkọ́ náà ń dá kún un bí a bá ń kà á ní "pọ́íntì márùndínlógójì". "Òdo pọ́íntì mẹ́ta, márùn-ún" ni ká máa pè é.

Ẹ má fi owó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Òṣogbo òde òní kì í ná kọ́bọ̀. Téèpù aránṣọ ló dára. Ìlú aró la wà, aṣọ wíwọ̀n kò ṣàjèjì sí wọn. Sẹ̀ntímítà 100 ni odidi kan, 10 ni ìdá mẹ́wàá kan, 1 ni ìdá ọgọ́rùn-ún kan. Kí ọmọ gé okùn 0.5 mítà àti ti 0.35, kó nà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya ilé, ìyẹn àyè tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí, sójú pátákó: ẹyọ, pọ́íntì, ìdá mẹ́wàá, ìdá ọgọ́rùn-ún, ìdá ẹgbẹ̀rún. Pọ́íntì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ pọ́íntì. Ọwọ́ òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo 3.274 àti 3.28: 3 dọ́gba, 2 dọ́gba, 7 kéré sí 8. Ó parí síbẹ̀, 3.28 ló tóbi. 4 tó kù kò lè yí i padà, torí ìdá ẹgbẹ̀rún 10 ló ń di ìdá ọgọ́rùn-ún kan.

Ẹ má tètè sọ pé "ẹ fi òdo kún un". Ọmọ á rí ìdáhùn, ṣùgbọ́n 50 àti 35 ló ṣì ń fi wéra bíi nọ́ńbà odidi, ó sì lè fi òdo síwájú 5 kó di 0.05. Kó kọ́kọ́ rí i lórí téèpù pé ojú kan náà ni 0.5 àti 0.50 wà.

Ìbéèrè tí a ń yàn ló ń tàn wá jẹ jù. Ọmọ tó gbà pé èyí tó gùn ló tóbi á yege nínú 0.62 àti 0.4, a ó sì máàkì rẹ̀ dáadáa láìmọ̀. Òmíràn tún wà tó gbọ́ pé ìdá mẹ́wàá ju ìdá ọgọ́rùn-ún lọ, tó wá gbà pé èyí tó kúrú ló tóbi. Òun á yege nínú 0.5 àti 0.35, àmọ́ á ní 0.4 ju 0.73 lọ. Nítorí náà, ẹ fún wọn ní 0.5 àti 0.35, 0.4 àti 0.73, 0.6 àti 0.60 pọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n dárúkọ ilé tó pinnu rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ dá a padà sídìí téèpù.