Ìkòkò Aró àti Fíìmù Wéètì-áńdì-Gẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri Òṣogbo, ọ̀kan nínú yín wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò lè dáwó jọ ká máa ṣe fíìmù wéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwòrán rẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀, fúnra wa?" Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gba oorun lójú èmi náà rí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba, kámẹ́rà ojú mẹ́rin ni ọ̀gá mi fi ń ya pásípọ́ọ̀tù. A ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán mẹ́rin á bọ́ sórí bébà kan ṣoṣo, a ó fà á, a ó dúró díẹ̀, a ó bó o. Páálí kan, bébà mẹ́wàá, oníbàárà mẹ́wàá. Lọ́dún 2008, Polaroid tó ń ṣe fíìmù náà ní àwọn ò ṣe é mọ́. Fíìmù FP-100C ti iléeṣẹ́ Fujifilm ló gbà wá, àfi ìgbà tó di 2016 tí àwọn náà dáwọ́ dúró. Mo sáré ra ìwọ̀nba tí mo rí l'Ékòó, mo tò wọ́n sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ ooru ṣọ́ọ̀bù wa. Kí n tó lò wọ́n dé ìdajì, oògùn inú èyí tó kù ti gbẹ. Owó mi wọmi.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó ti ìṣirò, ìyá mi àgbà tó jẹ́ aláró ló sì wá sí mi lọ́kàn. Owó elú lọ́tọ̀, wàhálà eérú lọ́tọ̀, ọjọ́ tí a fi ń dúró de aró lọ́tọ̀. Ì báà jẹ́ aṣọ kan lẹ fẹ́ rẹ, ì báà jẹ́ ogún, ìnáwó ìkòkò kan náà ni. Ogún aṣọ á pín in gbé. Aṣọ kan á dá a rù. Ìkòkò ti fíìmù ló wá tó ilé: ẹ̀rọ tí ń fi oògùn kun ike rẹ̀ kò mọ díẹ̀ í ṣe. Ẹ ò sì lè ṣe é rẹpẹtẹ kẹ́ ẹ máa tà á fún ogún ọdún, torí ó ń bàjẹ́ níbi tó wà.

Ẹ wo Florian Kaps àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó fẹ́ kí fíìmù Polaroid padà wá. Dọ́là mílíọ̀nù 3.1 ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ Polaroid ní Enschede, ní Netherlands, kí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ tó fọ́ ọ. Ìkòkò dọ́wọ́, kò sí elú: àwọn tó ń ṣe púpọ̀ nínú oògùn rẹ̀ ti kógbá wọlé. Wọ́n ní láti wá oògùn mìíràn pò. Nígbà tó jáde lọ́dún 2010, àwòrán mẹ́jọ ló wà nínú páálí tó ń gba mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá sì yà á tán, wọ́n ń fi í pamọ́ fún ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó jí i! Síbẹ̀ ó tà, torí kámẹ́rà rẹ̀ kún ilé àwọn èèyàn.

Ti Ektachrome, fíìmù kan tí Kodak ń ṣe, ló yé mi jù. Wọ́n pa á tì lọ́dún 2012, ó padà sọ́jà lọ́dún 2018. Iná ò fìgbà kan kú lábẹ́ ìkòkò Kodak ní Rochester, l'Amẹ́ríkà; fíìmù sinimá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Aṣọ mìíràn ló ń sanwó igi.

Irú tiwa tí a máa ń bó ńkọ́? Lọ́dún 2019, Kaps yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe é ní Vienna, àwòrán kan ṣoṣo nínú páálí kan. Ó dáa fún ẹni tó ń fi ṣe ọnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ gba fọ́ọ̀mù ní Òkè-Fìà, tí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dá lóhùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ní bá yín pín owó ìkòkò.

Mo ní kí àbúrò mi yẹn lọ ka iye kámẹ́rà ojú mẹ́rin tó ṣẹ́ kù nígboro. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn. Mẹ́rin ló rí, tèmi sì wà nínú rẹ̀.